Iṣan Èjìká Tó Ya Lápá Kan: Ìfiwéra Àyẹ̀wò àti Ìtọ́jú Láti Ọ̀dọ̀ Ẹni Tó Ti Gba Ọ̀nà Méjèèjì

Ọ̀dà ni mò ń kùn ní Ìkòròdú, ó ti lé ní ogún ọdún báyìí. Láti Ṣábọ̀ dé Ìgbógbó, láti Agric dé Odógùnyàn, àjà ilé tí mo ti kùn kò lóǹkà. Ẹni tó bá mọ iṣẹ́ ọ̀dà mọ̀ pé ògiri kì í dá èèyàn lágara, àjà ni. Apá á wà lókè láti àárọ̀ dé ìrọ̀lẹ́, rólà á máa lọ, á máa bọ̀, ọrùn á tẹ̀ sẹ́yìn, ọ̀dà á máa kán síni lójú. Èjìká ọ̀tún mi ló kọ́kọ́ daṣẹ́ sílẹ̀. Nígbà tó di bí ọdún méjì lẹ́yìn rẹ̀, ti òsì náà bẹ̀rẹ̀. Wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ fún ọ̀tún. Òsì kò fojú kan abẹ, ó sì san. Àwọn méjèèjì ni mo ṣì fi ń jẹun.

Nítorí èyí, àwọn èèyàn máa ń wá bá mi: ìyá tó ń yan ẹja ní Ẹ̀bútè, bíríkìlà, télọ̀, àwọn ọmọkùnrin tó ń wa yanrìn ní Báyékù. Ohun kan náà ni gbogbo wọn ń bi mí: "Bàbá, èwo ni kí n ṣe, abẹ ni àbí eré ìdárayá?" Èmi kì í ṣe dókítà. Ṣùgbọ́n ọmọ mi obìnrin, nọ́ọ̀sì ni. Òun ló jókòó tì mí nígbà tí dókítà ń sọ̀rọ̀, òun ló ka ìwé tí n kò lè kà, òun náà ló sì yẹ ohun tí mo kọ síbí wò. Ẹ fi ṣe ìmúrasílẹ̀ kí ẹ tó rí dókítà, ẹ má fi dípò rẹ̀.

Kí ló ya gan-an?

Iṣan mẹ́rin ló wá láti ara eegun pẹlẹbẹ tó wà lẹ́yìn èjìká. Wọ́n di orí eegun apá mú bí ìka ọwọ́ ṣe ń di orí ọmọ odó mú. Èyí tó wà lókè, tí àwọn dókítà ń pè ní supraspinatus, ló sábà máa ń kọ́kọ́ ya. Níbi tó ti so mọ́ eegun, ó nípọn tó nǹkan bíi mìlímítà 12. Bí ó bá já tán pátápátá, ìtọ́jú rẹ̀ yàtọ̀. Èyí tí mò ń sọ ni èyí tó ya tí kò já: apá kan ti ṣí kúrò, apá kan ṣì dì mú.

Ara ògiri ni mo ti lóye rẹ̀. Ọ̀dà lè bẹ̀rẹ̀ sí í ṣí láti òkè, níbi tí nǹkan ti ń ha á. Ó lè ṣí láti ìsàlẹ̀, nígbà tí omi bá ti wọ inú ògiri, tí ojú ọ̀dà ṣì ń dán bí ẹni pé kò sí nǹkan kan. Ó sì lè pín sí méjì láàárín, kí òkè àti ìsàlẹ̀ ṣì dì mú. Báyìí gan-an ni iṣan èjìká ṣe ń ya. Bí ẹ bá rí "articular" lórí bébà àyẹ̀wò yín, abẹ́ ló ti ya, níbi tó kọjú sí oríkèé. Òun ló wọ́pọ̀ jù. "Bursal" ni ti òkè, níbi tó kọjú sí eegun tó ṣe òrùlé èjìká; ó kéré sí ti àkọ́kọ́ níye, ṣùgbọ́n ó máa ń dunni jù ú lọ. "Intrasubstance" ni ti àárín.

Ẹ tún wo bí ó ṣe jìn. Ní 1990, dókítà kan tó ń jẹ́ Ellman gbé ìwọ̀n kan kalẹ̀ tí wọ́n ṣì ń lò dòní: tí kò bá tó mìlímítà 3, ipele kìíní ni, láti 3 sí 6, ipele kejì, tó bá ti ju 6 lọ, ipele kẹta, èyí tó túmọ̀ sí pé ó ti ju ìdajì iṣan lọ. Ẹ rántí ìdajì yìí, a óò padà sórí rẹ̀. Ti ọ̀tún mi, abẹ́ ló ti ya, ó sì jìn tó mìlímítà 7. Ti òsì kò tó 4.

Ọwọ́ dókítà kọ́kọ́, ẹ̀rọ lẹ́yìn

Ohun tó ká mi lára ni bí àwọn èèyàn ṣe ń sáré lọ ya àwòrán kí ẹnikẹ́ni tó fọwọ́ kan èjìká wọn. Dókítà tó kọ́kọ́ yẹ̀ mí wò dáadáa kò tan ẹ̀rọ kankan. Ó ní kí n bọ́ ẹ̀wù. Ó dúró lẹ́yìn mi, ó ní kí n gbé apá méjèèjì láti ẹ̀gbẹ́ ara lọ sókè díẹ̀díẹ̀. Nígbà tí ọ̀tún fẹ́ẹ̀ dé ọgbọọgba èjìká, mo ké. Ó ní kí n máa gbé e lọ. Nígbà tó kọjá òkè orí, ìrora náà dẹ̀. Ó ní àmì kan nìyẹn: ìrora tó ń mú ní agbede, láàárín nǹkan bíi 60 sí 120 dígírì, tó sì ń fini sílẹ̀ lókè. Lẹ́yìn náà ó ní kí n na apá síwájú díẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́, kí àtàǹpàkò kọjú sílẹ̀ bí ẹni tó ń da omi inú kọ́ọ̀pù nù, kí n má jẹ́ kí òun tẹ̀ ẹ́ wálẹ̀. Kò fi agbára púpọ̀ tẹ̀ ẹ́ tí apá mi fi wálẹ̀.

Ohun tó ṣe kẹ́yìn ló ṣe pàtàkì jù lójú mi. Ó ní kí n tú apá mi sílẹ̀ pátápátá, òun fúnra rẹ̀ gbé e sókè, ó yí i síta, ó yí i sínú. Ó lọ dáadáa. Ó ní, "Bàbá, èjìká yín kò gan. Ẹ̀yin lẹ ò lè gbé e, èmi lè gbé e." Níbẹ̀ ni a ti mọ̀ pé kì í ṣe èjìká gígan. Tí èjìká bá ti gan, bóyá ẹ̀yin lẹ gbé e ni o tàbí dókítà ló gbé e, kò ní lọ, pàápàá tí wọ́n bá fẹ́ yí i síta. Ọ̀dọ̀ àwọn tó ní àtọ̀gbẹ ni èjìká gígan ti wọ́pọ̀ jù, ìtọ́jú rẹ̀ sì yàtọ̀ gédégédé.

Ọrùn náà máa ń díbọ́n bí èjìká. Tí ìrora bá ń gba apá kọjá ìgúnpá lọ sí ìka, tí ọwọ́ ń jó bí ẹni pé èèrà ń rìn lórí rẹ̀, tí yíyí ọrùn sì ń mú un le, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ ọrùn ni kí wọ́n wò. Ti iṣan èjìká tó ya sábà máa ń dúró sí ẹ̀gbẹ́ òkè apá, ó sì máa ń le lóru nígbà téèyàn bá sùn lé e. Fún oṣù mẹ́rin, n kò lè fi ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún sùn.

Ẹ jọ̀ọ́, tí èjìká òsì bá ṣàdédé ń dùn yín, tí àyà ń fún pọ̀, tí òógùn tútù ń bọ́ tàbí tí èémí ń ṣòro, ẹ má ka ohun tí mo kọ yìí síwájú. Ọkàn lè ni. Ilé ìwòsàn lójú ẹsẹ̀.

X-ray, ultrasound, MRI: èwo ni kí ẹ sanwó fún?

X-ray kì í fi iṣan hàn. Ó ń fi eegun hàn: bóyá ó hù jáde lábẹ́ òrùlé èjìká, bóyá oríkèé ti jẹ, bóyá nǹkan funfun bí ẹfun ti dì sínú iṣan. Owó rẹ̀ kò pọ̀, ó sì dára láti ṣe é. Ṣùgbọ́n tí ẹnì kan bá wo X-ray nìkan tó ní iṣan yín ti ya, tàbí pé kò ya, ẹ bi í bí ó ṣe rí i.

Ultrasound ni irú ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń wo aláboyún. Wọ́n fi nǹkan tútù bí ògì sí èjìká mi, ọkùnrin tó ń ṣe é sì ní kí n fi ọwọ́ ọ̀tún sí àpò ìdí ṣòkòtò mi, bí ẹni tó fẹ́ yọ owó. Ó ní bí ọwọ́ bá wà níbẹ̀, iṣan náà á yọ jáde lábẹ́ eegun, òun á lè rí i. Ẹ fi èyí dán ẹni tó ń yẹ̀ yín wò. Tí ó bá kan gbé irin lé èjìká yín fún ìṣẹ́jú kan, tí kò ní kí ẹ yí apá rárá, iṣẹ́ èjìká lè má jẹ́ ohun tó mọ̀. Àǹfààní ultrasound ni pé kò wọ́n bíi MRI, ojú ẹsẹ̀ ni, wọ́n sì lè wò ó bí apá ṣe ń lọ. Àbùkù rẹ̀ ni pé ọwọ́ ẹni tó dì í mú ni gbogbo rẹ̀ wà.

MRI ń fi púpọ̀ hàn: bí iṣan ṣe ya, bí ẹran tó ń fà á ṣe rí, bóyá ọ̀rá ti ń wọ inú ẹran náà nítorí pé kò ṣiṣẹ́. Inú ihò bí àgbá ni wọ́n tì mí sí, ariwo rẹ̀ dà bí ìgbà tí wọ́n ń fi ẹ̀rọ lu kọnkéré. Èèyàn ò gbọ́dọ̀ mira. Kí ẹ tó wọlé, ẹ sọ gbogbo irin tó bá wà lára yín, pàápàá ẹ̀rọ tó ń ran ọkàn lọ́wọ́. Ẹ̀yin wẹ́dà, àti ẹ̀yin tí ẹ máa ń lọ irin kí ẹ tó kùn ún, ẹ sọ fún wọn tí èérún irin bá ti fò wọ̀ yín lójú rí. Irin kékeré lè mira nínú ojú nígbà tí ẹ̀rọ náà bá ń fà á.

Ìkẹrin ni MRI tí wọ́n kọ́kọ́ gún oògùn sínú oríkèé fún. Oògùn náà á wọ inú ibi tó ya, á fi í hàn bí omi ṣe ń fi ibi tí òrùlé ti lu hàn. Fún yíya tí kò já, pàápàá ti abẹ́, òun ló ń ríran jù nínú gbogbo wọn. Ṣùgbọ́n abẹ́rẹ́ wà níbẹ̀, owó rẹ̀ sì ga.

Èrò tèmi rèé. Tí owó bá fún mọ́ yín, tí kò sì sí ẹni tó ti ń sọ̀rọ̀ abẹ, ẹ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú X-ray àti ultrasound lọ́dọ̀ ẹni tó mọ èjìká. Ẹ fi owó MRI pamọ́ di ìgbà tí ọ̀rọ̀ abẹ bá wọlé, nítorí oníṣẹ́ abẹ yóò béèrè rẹ̀. Kí ẹ sì mọ̀ pé ultrasound àti MRI lásán máa ń ṣèèṣì fo yíya kékeré dá. Wọ́n dára fún èyí tó já tán ju èyí tó ya lápá kan lọ.

Àwòrán kì í ṣe àìsàn. Ní 1995, àwọn oníwádìí kan ní Amẹ́ríkà ya MRI fún èèyàn 96 tí èjìká kò dùn rárá. Nínú àwọn tó ti kọjá ọgọ́ta ọdún, àwọn tí iṣan wọn ti ya, yálà lápá kan tàbí pátápátá, lé ní ìdajì. Kò dùn wọ́n, wọn ò sì mọ̀. Ìdí nìyí tí n kò fi fẹ́ kí ẹnikẹ́ni gba abẹ nítorí ohun tí bébà sọ nìkan. Ó gbọ́dọ̀ jẹ́ pé ohun tí ọwọ́ dókítà rí, ohun tí àwòrán rí àti ibi tó ń dùn yín gan-an ń sọ ohun kan náà.

Ohun tí n kò yàn mọ́

Kí n tó rí dókítà, mo lọ sọ́dọ̀ bàbá kan tó ń to eegun. Ó fi omi gbígbóná jó èjìká mi, ó fi òrí pa á, ó gbé ẹsẹ̀ lé mi ní ìhà, ó fa apá mi. N kò ní purọ́ mọ́ bàbá náà, ó fẹ́ ràn mí lọ́wọ́. Ṣùgbọ́n eegun mi kò yẹ̀. Iṣan tó ti ń ya ni ó ń fà. Lálẹ́ ọjọ́ yẹn, n kò lè gbé kọ́ọ̀pù tíì dé ẹnu.

Ìkejì ni diclofenac tí mò ń rà ní kẹ́mísì lójoojúmọ́, tí mo sì ń fi àgbo lé e. Ó pa ìrora, mo padà sórí àkàbà, mo tún ya á sí i. Inú mi bẹ̀rẹ̀ sí í ta. Oògùn ìrora dára fún ọjọ́ díẹ̀ pẹ̀lú oúnjẹ àti pẹ̀lú àṣẹ dókítà. Ẹni tó ní ọgbẹ́ inú, ẹ̀jẹ̀ ríru tàbí àìsàn kíndìnrín ní láti sọ ọ́ kí wọ́n tó fún un.

Òsì: ọ̀sẹ̀ méjìlá láìsí abẹ

Fún yíya tí kò tó ìdajì, tí kì í ṣe pé ẹ ṣubú lójijì, ibi tí àwọn dókítà ti máa ń bẹ̀rẹ̀ nìyí: oṣù mẹ́ta ó kéré tán, àwọn mìíràn a dúró dé mẹ́fà. Ẹ má rò pé "ẹ lọ sinmi" ni wọ́n ń sọ. Iṣẹ́ ni.

Obìnrin tó ń ṣe fisió fún mi, ìyẹn eré ìdárayá tí wọ́n fi ń tọ́jú iṣan, kò tó ọmọ ọgbọ̀n ọdún, kò sì gbà fún mi. "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ má gbé èjìká sún mọ́ etí. Ẹ jẹ́ kó sọ̀ kalẹ̀." Ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, ohun tí a ṣe kò ju pé kí n tẹ̀ síwájú díẹ̀, kí n fi ọwọ́ kan di tábìlì mú, kí n sì jẹ́ kí apá òsì máa fì bí ọmọ aago. Lẹ́yìn náà mo ń ti ẹ̀yìn ọwọ́ mọ́ ògiri láìjẹ́ kí apá mira, kí n ka mẹ́wàá. Lẹ́yìn ìyẹn ó gé tíúbù kẹ̀kẹ́, ó so ó mọ́ ilẹ̀kùn, ó fi táwẹ́lì sí abẹ́ ìgúnpá mi, ó ní kí n máa fa ọwọ́ síta lọ́ra, kí táwẹ́lì má bọ́. Táwẹ́lì bọ́ lẹ́ẹ̀mẹ́fà lọ́jọ́ àkọ́kọ́. Ìgbà tó di ọ̀sẹ̀ kẹjọ, mo sun oorun òru kan láìjí.

Iṣẹ́ náà ni mo yí padà. Mo gbé pákó tí mo ń dúró lé ga sí i kí ọwọ́ mi má baà ju orí lọ, mo lo ọ̀pá rólà tó gùn tí ìgúnpá mi fi wà nísàlẹ̀, mo sì ń kun àjà fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú kí n tó bọ́ sí ògiri. Láìṣe èyí, fisió ì bá jẹ́ owó tí mo dà sínú ọ̀sà.

Ẹ jẹ́ n sọ òtítọ́ kan tí wọ́n kì í sábà sọ. Iṣan tó ya kì í sábà lẹ̀ padà fúnra rẹ̀. Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ ni pé àwọn iṣan mẹ́ta yòókù kọ́ láti gbé ẹrù, wíwú á lọ, ìrora á lọ. Ti àwọn kan lè máa ya sí i bí ọdún ṣe ń lọ. Nítorí náà, bí agbára bá ń dínkù, ẹ padà lọ fi hàn.

Abẹ́rẹ́ steroid, oògùn tó ń mú wíwú lọ, tí wọ́n ń gún sí èjìká ńkọ́? Ó ń mú ìrora dẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan, ó sì lè fún yín láyè láti ṣe fisió. Lójú tèmi, ìlò rẹ̀ nìyẹn. Ẹni tó ń gún un léraléra kó lè padà sẹ́nu iṣẹ́ ń mú kí iṣan di ẹlẹgẹ́. Ó ń gbé ṣúgà ara sókè fún ọjọ́ díẹ̀, kí alátọ̀gbẹ sọ ọ́. Tí abẹ bá sì ti sún mọ́lé, ẹ má gún un, nítorí ó ń ṣílẹ̀kùn fún kòkòrò àrùn.

Ọ̀tún: ìgbà tí abẹ tọ́, àti irú abẹ wo

Ti ọ̀tún mi ti ju ìdajì lọ. Mo ṣe fisió fún oṣù márùn-ún, òru ò sùn, agbára ò padà. Nígbà yẹn ni mo gbà. Ohun mẹ́ta yìí lápapọ̀ ni mo lè pè ní ìdí tó tọ́: ó jìn ju ìdajì lọ, ìtọ́jú tí ẹ ṣe tinútinú kò ṣiṣẹ́, ó sì ń dí iṣẹ́ tàbí oorun yín lọ́wọ́. Fún èyí tó ya láti òkè, àwọn oníṣẹ́ abẹ kan kì í dúró kó tó dé ìdajì.

Oríṣi mẹ́ta ni wọ́n fi síwájú mi.

Èkínní ni kí wọ́n kan fọ̀ ọ́: kí wọ́n ki kámẹ́rà bọ̀ ọ́, kí wọ́n gé àwọn fọ́nrán tó ti tú, kí wọ́n jáde. Ó wà fún yíya tí kò tó ìdajì. Ara tètè ń yá nínú rẹ̀, kò sì sí pé a dè é lọ́wọ́ fún ìgbà pípẹ́. Nígbà mìíràn wọ́n á tún ha eegun òrùlé èjìká. Lórí híha eegun yìí, ẹ la etí. Ní 2018, ìwé ìròyìn ìṣègùn The Lancet tẹ àbájáde ìwádìí kan láti Bìrìtìkó tí wọ́n ti fi àwọn tí wọ́n ha eegun fún wé àwọn tí wọ́n kàn wo inú èjìká wọn láìha nǹkan kan, àti àwọn tí wọn ò ṣe abẹ fún rárá. Ìyàtọ̀ tó wà láàárín wọn kò tó ohun tí aláìsàn lè fi ṣe nǹkan kan. Tó bá jẹ́ híha eegun nìkan ni wọ́n fẹ́ gba owó yín fún, ẹ béèrè ìdí dáadáa.

Èkejì ni kí wọ́n fi ibi tó ṣì dára sílẹ̀, kí wọ́n gba àárín rẹ̀ kan èèkàn kékeré mọ́ eegun, kí wọ́n fi okùn tó wà lára èèkàn náà fa ibi tó ṣí padà. Ẹ̀kẹta ni kí wọ́n gé ìyókù tó ṣì dì mú, kó di èyí tó já, kí wọ́n wá rán gbogbo rẹ̀ padà lápapọ̀.

Mo yára lóye èyí. Ojoojúmọ́ la ń jà á lẹ́nu iṣẹ́ ọ̀dà: ṣé kí a fi pọ́ńtì dí ibi tó ṣí nìkan, àbí kí a ha gbogbo rẹ̀ dé símẹ́ńtì kí a tún un kùn? Ohun tó kù ló ń dáhùn. Tí ìyókù bá dì mú gírí, èèyàn á bínú bó bá ha á dànù. Tí ìyókù bá ti rà, ẹni tó bá dí i lásán ń tan oníbàárà jẹ ni. Dókítà ní bẹ́ẹ̀ gan-an ni. Èyí tí a fi sílẹ̀ ń jẹ́ kí iṣan dúró síbi tí Ọlọ́run fi í sí, ṣùgbọ́n iṣẹ́ rẹ̀ le, ìrora àti gígan sì máa ń pọ̀ díẹ̀ ní oṣù àkọ́kọ́. Èyí tí a gé tán rọrùn láti rán, ó sì ń kó ẹran tó ti bàjẹ́ kúrò, àmọ́ a ti gé ohun tó dára mọ́ ọn, ó sì lè kọ̀ láti jiná. Nínú àwọn ìwádìí tó fi méjèèjì wéra, bí ọdún kan sí méjì bá kọjá, agbára àti ìrora wọn sún mọ́ra gan-an. Nítorí náà ẹ má ja oníṣẹ́ abẹ yín níyàn lórí èyí. Èyí tí ọwọ́ rẹ̀ mọ́ jù ni kó ṣe. Tèmi sọ pé ìgbà tí òun bá fi kámẹ́rà rí ìyókù ni òun yóò mọ̀. Ó rí i pé ó lágbára, ó fi í sílẹ̀, ó kan èèkàn méjì. Gígan dé lóòótọ́, ó gbà mí ní oṣù mẹ́ta kí n tó lè kó ọwọ́ sẹ́yìn de bẹ́líìtì.

Oníkámẹ́rà àbí èyí tí wọ́n là? Ihò kéékèèké kámẹ́rà kì í dunni tó bẹ́ẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, wọ́n sì ń rí inú oríkèé níbi tí yíya abẹ́ wà. Èyí tí wọ́n là díẹ̀ kò nílò ẹ̀rọ púpọ̀. Bó bá pẹ́, èrè wọn kò jìnnà síra.

Owó tí kò sí lórí bébà

Ohun tí mo bá fẹ́ kí ẹ fi ṣe ìpinnu nìyí. Owó abẹ, ẹ lè yá a, ẹ lè dá a. Oṣù mẹ́fà láìṣiṣẹ́ ńkọ́?

Ọ̀sẹ̀ mẹ́rin sí mẹ́fà ni apá fi wà nínú aṣọ ìgbékọ́. Orí àga ni mo ti sùn fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, pẹ̀lú ìrọ̀rí lábẹ́ ìgúnpá. Ìyàwó mi ló ń bá mi de bọ́tìnnì. Títí di ọ̀sẹ̀ kẹfà, ọmọ mi ló ń gbé apá náà fún mi. N kò gbọ́dọ̀ fi agbára ara mi gbé e. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kẹfà mo bẹ̀rẹ̀ sí í gbé e fúnra mi. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kejìlá ni tíúbù kẹ̀kẹ́ wọlé. Ó di oṣù kẹfà kí n tó gbé rólà kọjá orí. Ẹni tó bá fò ọ́ á fa èèkàn tu.

Ìrìnàjò tún wà níbẹ̀. Ilé ìwòsàn àwọn eegun ti ìjọba àpapọ̀ tó wà ní Ìgbóbì, tó ti wà láti 1945, ojú títì tó ń jẹ́ orúkọ ìlú wa náà ló wà, bọ́ọ̀sì BRT sì ń gbé wa kọjá níbẹ̀. Níbikíbi tí ẹ bá ti ṣe abẹ, ẹ máa padà lọ síbẹ̀ léraléra. Ẹ má gun ọ̀kadà pẹ̀lú apá nínú aṣọ ìgbékọ́. Nínú ọkọ̀, ẹ̀gbẹ́ fèrèsé ni kí apá náà wà, kí èrò má baà gbá a. Ẹ wá ẹni tó ń ṣe fisió nítòsí ilé, torí àwọn tó ń lọ jìnnà fún un ni mo rí tí wọ́n ń dá a dúró ní ọ̀sẹ̀ kẹta.

Ẹ yẹ ṣúgà ara yín wò kí ẹ tó dá ọjọ́. Ṣúgà tó ga ń dí jíjiná lọ́wọ́, ó sì ń mú èjìká gan. Sìgá náà ń dí i lọ́wọ́. Ẹ bi oníṣẹ́ abẹ yín léèrè: irú èyí mélòó lẹ ti ṣe lọ́dún yìí? Apá ibo ló ya, ó jìn tó mélòó? Tí ẹ bá wọlé tí ẹ rí i pé kò rí bí àwòrán ṣe sọ, kí lẹ máa ṣe? Èèkàn tí ẹ fẹ́ kàn, ṣé èmi ni n óò rà á, mélòó sì ni? Ẹni tó mọṣẹ́ kò ní bínú sí i.

Ìyá ẹlẹ́ja Ẹ̀bútè, abẹ́ ló ti ya, mìlímítà 3. Ó wà ní ọ̀sẹ̀ keje tíúbù kẹ̀kẹ́. Ó ti gbé àgbọ̀n sílẹ̀ lórí, ọmọ rẹ̀ ló ń bá a ti kẹ̀kẹ́ ẹrù báyìí.

Ọmọ Báyékù kan wá bá mi lọ́sẹ̀ tó kọjá. Ó yọ̀ ṣubú nínú ọkọ̀ ojú omi, ó fi ọwọ́ tì í, láti ìgbà náà ni apá kò ti kọjá ìgbáyà mọ́. Ọmọ ọdún mẹ́tàlélógún. Ẹnì kan ti sọ fún un pé kó ka ọ̀sẹ̀ méjìlá bíi tèmi. Mo ní rárá, ọ̀rọ̀ tìẹ yàtọ̀. Ẹni tó ṣubú lójijì, tó sì pàdánù agbára lójú ẹsẹ̀, kì í ka ọ̀sẹ̀ kankan, nítorí ó lè ti já pátápátá, bí ó bá sì pẹ́, ó máa ń fà sẹ́yìn débi pé rírán rẹ̀ á di ogun. Mo gbé foonù, mo pe ọmọ mi, ó sọ ibi tí kó lọ fún un. Ó wọ BRT ní agogo márùn-ún ìdájí ọjọ́ kejì.